Ilé Owó Àwọn Elépo

Lọ́dún 1999, ikán jẹ owó Fáyẹ́misí. Odindi ọdún méjì ló fi ń ki owó epo sínú ọ̀pá ọparun kan. Ó fi àkísà dí i lẹ́nu, ó sì fi há àjà ilé rẹ̀ ní Lagbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi ilẹ̀ ọ̀pẹ kan lọ̀ ọ́ pé kó rà, ó gun àpótí, ó fa ọparun náà yọ, ó gbọ̀n ọ́n sórí ẹní. Ohun tó dà sílẹ̀ kò ju eruku pupa àti àjákù bébà lọ. Kò sunkún. Ó kó àjákù náà sínú igbá, ó gbé e tọ ọkọ rẹ̀ lọ lábẹ́ igi, ó ní, "Ẹ wo ilẹ̀ tí mo rà."

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Fáyẹ́misí. Lagbé ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Èmi ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, òun ń fún epo. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n bí ẹni tí kì í jókòó ti ohun tó bá dùn ún. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe lẹ́yìn igbá àjákù yẹn, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọjá níwájú ilé owó tó wà lẹ́bàá ọjà Ifangni, wọ́n rò pé ìjọba ló kọ́ ọ.

Nígbà tí epo ọdún kejì dé, Fáyẹ́misí ní òun ò ní ki owó bọ ihò kankan mọ́. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìnáwó, ó di owó mọ́ ìdí, ó wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo nínú ìwé. Báǹkì ńlá kan ló wọ̀. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀, Faransé nìkan ló ń sọ. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló bá a túmọ̀.

"Ó ní kẹ́ ẹ mú káàtì yín wá."

"Káàtì wo?"

"Bébà tí wọ́n kọ orúkọ yín sí."

"Orúkọ mi ò sí nínú bébà," ni Fáyẹ́misí wí. "Ẹnu èèyàn ló wà. Ẹ ní kó wá sí Lagbé, kó wá bi wọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, akọ̀wé rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lórí ìlà náà sì bá wọn rín in. Wọ́n ní kó lọ ṣe káàtì, kó sì wá owó kún owó, torí èyí tó mú wá kò tó èyí tí wọ́n fi ń ṣí ìwé. Ó tún owó rẹ̀ dì mọ́ ìdí, ó jáde.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, òun àti tísà kan ló jókòó ti ara wọn. Anicet lorúkọ tísà náà, Ifangni ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ti rìn jìnnà kí Fáyẹ́misí tó la ẹnu.

"Tísà, kí ló ń jẹ́ báǹkì gan-an?"

Anicet rò ó díẹ̀. "Ó dáa, ìyá, kò le. Àwọn èèyàn á fọkàn tán ara wọn, wọ́n á kó owó síbì kan, ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìfọkàntán, àwa ní in. Ìwé kíkọ ni a ò mọ̀. Ṣé ẹ máa bá wa kọ ọ́?"

Anicet sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀, pé bó bá sùn tó jí, á ti gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó run orín tán, Fáyẹ́misí ti dúró níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mọ́kànlá.

Elépo ni gbogbo wọn. Wọ́n ní kí káfíńtà kan kan àpótí ìrókò, wọ́n sì fi àgádágodo mẹ́ta tì í. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Fáyẹ́misí ní Lagbé. Èkejì wà lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnwùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ko-Koumolou, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ọjà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ Fàúzíyàtù ní Tchaada, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í gbàgbé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ilé Anicet ni àpótí náà wà. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé níbẹ̀, wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ẹgbẹ́. Tí ẹnì kan kò bá wá, àpótí kò ní ṣí. Òfin wọn nìyẹn, wọ́n sì fi yangàn. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí obìnrin méjìlá fi di igba. Àwọn kan fi owó àpótí ra ilẹ̀ ọ̀pẹ, àwọn mìíràn fi rán ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fáyẹ́misí náà rí ilẹ̀ tirẹ̀ rà níkẹyìn.

Oṣù Agẹmọ ọdún 2004 ni òjò ọlọ́jọ́ mẹ́rin rọ̀. Omi gbé afárá onígi tó wà lọ́nà Tchaada lọ. Ọjọ́ kẹrin yẹn gan-an ni Ifádùnní, ọmọ Ọ̀ṣúnwùmí, ń rọbí, tí ọmọ kò sì wá. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Owó mọ́tò kò sí, owó iṣẹ́ abẹ kò sí. Gbogbo ohun tí Ọ̀ṣúnwùmí ní wà nínú àpótí.

Wọ́n sáré lọ sílé Anicet. Fáyẹ́misí ṣí àgádágodo tirẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí ṣí tirẹ̀. Ó wá ku ti Fàúzíyàtù, ẹni tó wà ní òdìkejì omi.

Fáyẹ́misí wo àgádágodo náà. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé òòlù kan bọ̀.

Ọ̀ṣúnwùmí fi ara bo àpótí. Ọ̀ṣúnwùmí, ìyá ẹni tó ń rọbí. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fọ́ ọ. Bí ẹ bá fọ́ ọ nítorí ọmọ mi, títí ayé ni wọ́n á fi máa pè mí ní olè."

"Wọn ò ní pè yín bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ ká wá owó níbòmíì."

"Ibo?"

Fáyẹ́misí dì í mú lápá, ó fà á dìde pẹ̀lẹ́. Ó ní kí Anicet jáde lọ pe àwọn ará ọjà wọlé kí ojú lè pọ̀. Nígbà tí ilé kún tán, ó gbé òòlù sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lù ú kí irin náà tó já. Iye tí Ọ̀ṣúnwùmí fi pa mọ́ gan-an ló yọ, Anicet kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ọkọ̀ sì gbéra nínú òjò.

Ifádùnní bímọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá yè, ọmọ yè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà, tí Fàúzíyàtù dé, tó rí àgádágodo rẹ̀ nílẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú un dání lọ sí ìpàdé, ó gbé e ka orí tábìlì níwájú igba obìnrin.

"Mo ti gbọ́ pé ọmọ yè," ló wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ lónìí, nítorí ọmọ ni. Lọ́la ńkọ́? Kí la máa fọ́ ọ tìtorí ẹ̀?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní Fàúzíyàtù kò láàánú. Àwọn kan ní òótọ́ ló sọ, pé kí oníkálukú wá kó owó rẹ̀ lọ. Mo wà ní ìta, mo gbé àgbàdo wá fún ìyàwó mi tó wà lára wọn. Mo rò lọ́kàn mi pé ibi tí àjọ yìí máa parí sí nìyí.

Fáyẹ́misí dìde. "Ohun tí Fàúzíyàtù sọ, òótọ́ ni. Mo rú òfin wa. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún un rú. Nítorí náà, ẹ dá mi lẹ́jọ́, kẹ́ ẹ má dá ara yín lẹ́jọ́."

Wọ́n bu bídọ́ọ̀nù epo kan, kẹ́ẹ̀gì ńlá, lé e. Ó san án lójú ẹsẹ̀, èyí tó gbé wá tà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Àfi bí Fàúzíyàtù fúnra rẹ̀ ṣe tún sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ń bínú sí ara rẹ̀.

"Gbogbo òru àná ni mo fi ń rò ó. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lódìkejì omi, kí ló wúlò fún? Àpótí ò tó wa mọ́. Ilé ló kù, ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀ á máa ṣí lójoojúmọ́, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ á máa jókòó síbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí irú ọdún méjì yẹn rí. Ẹni tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá ọjà gbà kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní láti mú búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá wá. Ẹ wá wo Ifangni ní ọjọ́ ọjà: epo lórí ẹni iwájú, búlọ́ọ̀kù lórí ẹni tó tẹ̀ lé e, ọmọ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Àwa ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lóṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ògiri ga dé èjìká, ojú tì wá, a lọ bá wọn po yẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kan páànù, ilé ìwé fúnra rẹ̀ dá dúró, torí àwọn tísà wà lórí àjà pẹ̀lú Anicet.

Ìwé àṣẹ dé láti Kútọ̀nù lọ́dún 2007. Ilé Owó Ìfọkàntán ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Wọ́n gba Delphine, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fi Fáyẹ́misí ṣe ààrẹ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni kó lè máa buwọ́ lùwé. Ó gbà á ní oṣù méjì, ó sì kọ ọ́ káàkiri ara ògiri ẹbu tó ti ń fún epo pẹ̀lú èédú títí ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Ọdún méjìlá ni gbogbo nǹkan fi ń lọ geere. Àwọn ọkùnrin wọlé, àwọn oníṣòwò Ìgólo ní ẹnubodè wọlé. Ẹni tó ní owó jù nínú wọn ni Yésúfù. Ìrẹsì àti tòmátì inú agolo ló ń kó.

Nígbà tó di oṣù Ògún ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ní ọ̀sẹ̀ kan péré, Ìgólo di ahoro. Ọjà jókòó sínú ilé ìkẹ́rù, ó ń bàjẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹnu dé ẹnu: pé àwọn oníṣòwò ni Ilé Owó Ìfọkàntán yá gbogbo owó, pé owó ti wọlẹ̀, pé ẹni tó bá tètè dé ló máa rí tirẹ̀ gbà. Kò sí ẹni tó mọ ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó di aago mẹ́fà, ìlà ti gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn ọjà. Kí n má parọ́, mo wà níbẹ̀. Mo wà lórí ìlà láàárín àwọn tó wá gbowó wọn. Yésúfù ló wà níwájú gbogbo wa, ó gbé àpò sáàkì sí apá.

Delphine, tó ti di ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, tẹ Fáyẹ́misí láago ní ẹbu. Zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, ló gbé e dé. Epo ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó gba àárín wa kọjá, ó ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ tètè dé." Mo wo ilẹ̀.

Delphine ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún mi.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Ká ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì. Màá lọ wá owó kún un ní Àjàṣẹ́."

"Ọjọ́ tí a bá ti ilẹ̀kùn yẹn, a ò ní rí i ṣí mọ́. Ṣí i."

"Yésúfù ló wà níwájú. Tó bá gba tirẹ̀ tán, bí ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ ti lọ nìyẹn."

"Owó ta ni?"

"Tirẹ̀ ni."

"Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ara ẹ? Kà á fún un. Níta ni kó o ti kà á, kí gbogbo wọn rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé tábìlì jáde. Delphine ka owó Yésúfù lójú gbogbo wa. Ó pé. Yésúfù dà á sínú sáàkì, ó fi okùn dì í, ó sì kọjá lọ. A ń wo sáàkì náà títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo ń ṣírò pé tí ìdajì bá ti lọ, ti èmi dà?

Fáyẹ́misí dúró lórí àtẹ̀gùn, fóònù létí, ó ń pe nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìlà ń lọ. Ẹnì kan gbà, ó lọ. Ẹlòmíràn gbà, ó lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú Delphine ti funfun. Ó wo Fáyẹ́misí, ó na ìka mẹ́ta sí i. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ohun tó ń wí ni pé ìdì owó mẹ́ta ló kù, kò ju ti ogún èèyàn lọ. Nínú àwọn tó ṣẹ́kù lórí ìlà, èmi ni mo jẹ́ ẹni kọkàndínlógún.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn Ọ̀ṣúnwùmí.

Kí a tó rí i rárá ni a gbọ́ ọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yọ láti ọ̀nà Ko-Koumolou, obìnrin kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, Ọ̀ṣúnwùmí dúró láàárín wọn, ó ń ké sí àwọn tó wà lójú ọ̀nà pé kí wọ́n yà. Kò pẹ́, zẹ́míjàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Tchaada, méjì, márùn-ún, mẹ́wàá, Fàúzíyàtù lórí èyí tó wà níwájú, ó fi ọwọ́ kan di ìborùn rẹ̀ mú. Àwọn ará Lagbé fi ẹsẹ̀ rìn dé, aṣọ iṣẹ́ wà lára wọn. Wọn kò bá wa jà. Wọn kò bá wa sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n tò sí ojú fèrèsé ilé owó náà, ìlà tiwọn lọ ní apá òsì, tiwa ní apá ọ̀tún.

Fàúzíyàtù ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó tú owó tó dì mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó wí ní ohùn tí gbogbo wa gbọ́: "Mo wá fi owó pa mọ́."

Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Owó epo ń wọlé ní fèrèsé kan, ó ń jáde níbi tábìlì, èyí tó ń wọlé sì ń lé èyí tó ń jáde bọ̀. Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà wo ọ̀hún, ó wo ìwé rẹ̀, ó pòṣé, ó kúrò lórí ìlà. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì ràn káàkiri bí iná ọyẹ́.

Ó kàn mí.

"Gbogbo ẹ̀ ni, bàbá?" ni Delphine bi mí.

"Rárá o. Owó ajílẹ̀ díẹ̀ ni mo wá gbà."

Kì í ṣe àkókò ajílẹ̀. Ó mọ̀, mo mọ̀. Ó ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún mi, mo dúpẹ́, mo yára lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi san fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbà. Ní ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀kùn ṣí, kò sí ìlà. Delphine sùn lọ lórí tábìlì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tó jí i.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Yésúfù padà wá pẹ̀lú sáàkì rẹ̀. Delphine kò fẹ́ gbà á. Ó ní ẹni tó sá nígbà ogun kò yẹ kó bá wọn pín nígbà àlàáfíà. Fáyẹ́misí ni kò gbà.

"Èwo ni ká lé e? Ó béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ wa, a fún un, kò dín kọ́bọ̀. Ta ló tún lè jẹ́rìí wa jù ú lọ?"

Òótọ́ ni. Yésúfù fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ ní Ìgólo fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í, pé òun kó owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé àwọn elépo, pé wọn kò bojú jẹ́. Nígbà tí ẹnubodè tún ṣí, àwọn oníṣòwò tó tẹ̀ lé e wá sọ́dọ̀ wọn pọ̀ ju àwọn tó ti sá lọ.

Fáyẹ́misí fi ipò ààrẹ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Fàúzíyàtù ló gbà á. Ẹbu epo ni ẹ ó ti bá Fáyẹ́misí báyìí, ẹ̀rọ ló fi ń tẹ ẹyìn, ó sì ti ra ilẹ̀ ọ̀pẹ méjì kún ti àkọ́kọ́. Tí ẹ bá bi í nípa ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tó máa sọ fún yín ni pé epo òun ọjọ́ náà jóná lórí ààrò torí kò sẹ́ni tó dúró tì í.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣí ẹ̀ka tuntun ní Ko-Koumolou. Mo bá wọn lọ. Inú gbogbo wa ń dùn, àwọn àgbà ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni tó ń fọwọ́ pa màlúù lára. Delphine ti bẹ akunlé kan pé kó kọ orúkọ Fáyẹ́misí gàdàgbà sí iwájú ilé náà, kó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un. Ọkùnrin náà ti ya ìlà, ó ti po ọ̀dà, ó ti gun àkàbà nígbà tí Fáyẹ́misí sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ́míjàn.

"Kí lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀?" ló bi í.

"Orúkọ yín ni, ìyá."

"Ta ni kò mọ orúkọ mi níhìn-ín? Ẹ kọ aago tí wọ́n ń ṣí àti aago tí wọ́n ń tì. Ẹ kọ ọ́ kó tóbi, kí ẹni tó ń bọ̀ láti oko má bàa rìn lásán."

Akunlé wo Delphine. Delphine gbé èjìká. Ọkùnrin náà ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.